Odi Tí Àwọn Oníṣòwò Mọ: Kọ́ńtìrì, Sóòlù àti Àwo Orin Willie Nelson ti Ọdún 1974

Ìfáárà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1973, Willie Nelson, olórin kọ́ńtìrì tó jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ ilé pẹlẹbẹ kan ní ojúlé 3614, òpópónà Jackson Highway, ní ìlú Sheffield, ìpínlẹ̀ Alabama, láti gba orin sílẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà náà. Àwọn onílé tó bá níbẹ̀, tí wọ́n ń lùlù, tí wọ́n ń ta gìtá, tí wọ́n sì ń tẹ dùùrù, kò fi orin kọ́ńtìrì lórúkọ rárá. Orin sóòlù ni ayé mọ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n ti bá Wilson Pickett ṣiṣẹ́, wọ́n ti bá Aretha Franklin ṣe é, wọ́n sì ti bá àwọn Staple Singers ṣe é. Èso ìpàdé yìí ni àwo tí a ń pè ní Phases and Stages, èyí tí ilé-iṣẹ́ Atlantic gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1974.

Ọ̀nà méjì ni a sábà ń gbà sọ ìtàn yìí. Àwọn kan a máa sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ìgbéyàwó: orin òyìnbó àti orin aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pàdé ní Alabama, wọ́n sì di ọ̀kan. Àwọn mìíràn a máa sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ìlàjà: ní ilẹ̀ tí ìkórìíra ti gbilẹ̀, inú ilé orin nìkan ni àwọ̀ ara kò ti já mọ́ nǹkan kan. Àwa kò gba èkíní gbọ́, a kò sì gba èkejì gbọ́ tán. Èrò tí a gbé kalẹ̀ fún àpérò yìí ni pé ohun kan ṣoṣo ni kọ́ńtìrì àti sóòlù ti ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìpìlẹ̀, pé àwọn oníṣòwò rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n mọ odi sáàárín wọn, àti pé odi náà ní ẹnu ọ̀nà. Nelson gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá. Ìbéèrè tó kù ni ti àwọn tí a kò ṣílẹ̀kùn fún.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a sọ ohun tí a ní lọ́kàn nípa ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kọ́ńtìrì ni orin tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìlú Nashville, ìpínlẹ̀ Tennessee, ń tà fún àwọn òyìnbó ará oko àti àwọn ọmọ wọn tó ti ṣí lọ sí ìlú ńlá. Sóòlù ti Gúúsù ni orin ìfẹ́ àti ìbànújẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì kọ ní Memphis, ní Macon àti ní agbègbè Muscle Shoals láti nǹkan bí ọdún 1961. Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì mẹ́nu kan ohun èlò tàbí ìlànà orin kankan nínú àlàyé wa. Ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á nìkan ni a dárúkọ, nítorí pé bí a bá fi orin nìkan ṣe ìyàtọ̀, ìyàtọ̀ náà kò ní dúró.

Bí wọ́n ṣe mọ odi náà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn oníṣòwò rẹ́kọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà kò wo ilé. Àwọ̀ ni wọ́n wò. Lẹ́yìn tí rẹ́kọ́ọ̀dù Mamie Smith tà rẹpẹtẹ fún ilé-iṣẹ́ OKeh ní ọdún 1920, tí ti Fiddlin' John Carson, òyìnbó tó ń ta gòjé ní Georgia, sì tà fún ilé-iṣẹ́ kan náà ní ọdún 1923, wọ́n rí i pé oríṣi oníbàárà méjì ni àwọn ní. Wọ́n tẹ ìwé ìpolówó méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti rẹ́kọ́ọ̀dù ìran, ìyẹn ìran aláwọ̀ dúdú. Èkejì jẹ́ ti orin àwọn ará òkè, ìyẹn òyìnbó oko. Ìwé ìpolówó ni ó ya orin nípa, kì í ṣe àwọn tó ń kọ ọ́.

Ẹ̀rí èyí pọ̀ débi pé yíyàn ni ó ṣòro. Bánjò, tí gbogbo ènìyàn kà sí ohun èlò òyìnbó oko, ọwọ́ àwọn ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 1930, Jimmie Rodgers, tí wọ́n ń pè ní bàbá orin kọ́ńtìrì, gba orin sílẹ̀ pẹ̀lú Louis Armstrong ní Los Angeles. Hank Williams kọ́ gìtá títa ní Alabama lọ́wọ́ Rufus Payne, aláwọ̀ dúdú tó ń kọrin ní ìgboro. DeFord Bailey, aláwọ̀ dúdú tó ń fọn hàmóníkà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ ètò orí rédíò tí ń jẹ́ Grand Ole Opry ní Nashville láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ètò náà lórúkọ ní ọdún 1927, títí di ọdún 1941 tí wọ́n dá a dúró. Kì í ṣe pé aláwọ̀ dúdú kò sí nínú orin kọ́ńtìrì rí. Wọ́n wà níbẹ̀, ìwé ìpolówó ni kò ní àyè fún wọn.

Ní ọdún 1949, ìwé ìròyìn Billboard, tó ń tẹ àtòjọ àwọn orin tó tà jù lọ, rí i pé orúkọ àtijọ́ náà ti di ìtìjú. Akọ̀ròyìn rẹ̀ kan, Jerry Wexler, ọmọ Júù ará New York, ni ó dábàá pé kí wọ́n pa orin ìran tì, kí wọ́n máa pè é ní Rhythm and Blues. Ní ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ Country and Western fún apá kejì. Orúkọ yí padà, odi dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ Wexler yìí. Ẹni tó sọ apá kan odi náà lórúkọ ni a ó tún bá nídìí àwo tí à ń yẹ̀ wò.

Bí odi náà ti lágbára tó hàn ní ọdún 1962. Ray Charles, aláwọ̀ dúdú ọmọ Georgia, gbé àwo orin kọ́ńtìrì jáde. Àwo náà gba ipò kìn-ín-ní nínú gbogbo àwo tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, orin kan láti inú rẹ̀, tí Don Gibson tó jẹ́ olórin kọ́ńtìrì kọ sílẹ̀, sì gba ipò kìn-ín-ní lórí àtòjọ gbogbogbòò àti lórí ti aláwọ̀ dúdú. Lórí àtòjọ kọ́ńtìrì, orin náà kò farahàn rárá. Orin kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, láti ọwọ́ olùkọrin-sílẹ̀ kan náà. Àwọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ni ó sọ ibi tí wọn yóò kọ ọ́ sí.

A lè fi ti ilé wa kún un. Nílé ọ̀pọ̀ àgbà nílẹ̀ Yorùbá, rẹ́kọ́ọ̀dù Jim Reeves a máa wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ti I. K. Dairo, kò sì sí ẹni tó wá sọ fún wọn pé ti òyìnbó oko ni. Nígbà tí King Sunny Adé gbé gìtá stíìlì, èyí tí a ń gbé kalẹ̀ tí a sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀, wọ inú orin jùjú, tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù sì ń ta á, kò bi ẹnikẹ́ni ní Nashville léèrè. Odi tí à ń wí yìí kò dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ìwé ìpolówó tó mọ ọ́n kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Sheffield àti àwọn ìlú tó yí i ká

Ìlú mẹ́rin ni wọ́n fara ti ara wọn létí odò Tennessee ní àríwá Alabama: Florence, Sheffield, Tuscumbia àti Muscle Shoals. Orúkọ ti ìkẹyìn ni wọ́n fi ń pe gbogbo wọn. Ní Florence ni wọ́n ti bí W. C. Handy ní ọdún 1873, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní bàbá orin blues. Ní ẹ̀bá Florence kan náà ni wọ́n ti bí Sam Phillips ní ọdún 1923, òyìnbó tó gba orin Howlin' Wolf àti ti Elvis Presley sílẹ̀ ní Memphis. Ẹni tó bá ń wá ibi tí odi náà ti fẹ́lẹ́ kò ní wá a jìnnà ju ibẹ̀ lọ.

Rick Hall ni ó dá ilé ìgborinsílẹ̀ FAME sílẹ̀ níbẹ̀. Orin tó kọ́kọ́ mú owó wọlé fún un ni èyí tí Arthur Alexander kọ ní ọdún 1961, You Better Move On. Aláwọ̀ dúdú ni Alexander, Sheffield gan-an sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1940. Orin kọ́ńtìrì ni ó gbọ́ dàgbà, ó sì hàn nínú ohùn rẹ̀: kì í kígbe, kì í gbọn ohùn, a máa sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ti pẹ́. Owó orin náà ni Hall fi kọ́ ilé tuntun tí FAME wà títí di òní. Àwọn òyìnbó tó lù ú, David Briggs, Norbert Putnam àti Jerry Carrigan, kó lọ sí Nashville láìpẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n sì di gbajúgbajà láàárín àwọn tó ń lùlù fún àwọn olórin kọ́ńtìrì. Wọn kò tún ọwọ́ wọn kọ́ kí wọ́n tó lọ. Ọwọ́ tó lu sóòlù ni ó lu kọ́ńtìrì.

Àwọn tó rọ́pò wọn ni Roger Hawkins tó ń lu ìlù, Jimmy Johnson tó ń ta gìtá, David Hood tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, àti lẹ́yìn-ò-rẹyìn Barry Beckett tó ń tẹ dùùrù. Òyìnbó ni gbogbo wọn. Wexler, tó ti kúrò ní Billboard tó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn olórí ilé-iṣẹ́ Atlantic láti ọdún 1953, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olórin aláwọ̀ dúdú wá bá wọn. Wilson Pickett, tí òun náà jẹ́ ọmọ Alabama, sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú òun ń balẹ̀ ní ọdún 1966, òun rí àwọn ènìyàn òun tí wọ́n ṣì ń já òwú nínú oko, ó sì ṣe òun bíi kí òun padà.

Ibí yìí ni a ti fẹ́ ta ko àwọn tó ń sọ ìtàn ìlàjà. Ọdún 1963 ni gómìnà Alabama, George Wallace, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yunifásítì ní Tuscaloosa kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méjì má baà wọlé. Ilé orin kò sí lẹ́yìn òde ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí Aretha Franklin dé FAME ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, ó bá i pé òyìnbó ni gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀. Orin kan àti ààbọ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀ kí ọtí àti àfojúdi tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkọ rẹ̀ àti àwọn tó bá níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni ó lò. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Wexler ní láti kó àwọn onílù náà lọ bá a ní New York. Orin tó jáde láti inú ìpàdé náà dára kọjá sísọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kà á sí ẹ̀rí ìrẹ́pọ̀ ní láti fo ìjà náà dá.

Ní ọdún 1969, Hawkins, Johnson, Hood àti Beckett kúrò lọ́dọ̀ Hall, wọ́n sì dá ilé tiwọn sílẹ̀ ní Jackson Highway pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Wexler. Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ni onílé. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí: nínú àwọn tó dá orin Muscle Shoals sílẹ̀, àwọn tó di onílé àti àwọn tó jẹ́ àlejò kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Ó tọ́ kí a fi kún un pé nínú ẹgbẹ́ tuntun tí Hall kó jọ lẹ́yìn tí wọ́n lọ, aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí Nelson gbà débẹ̀

Wọ́n bí Nelson ní abúlé Abbott ní Texas ní ọdún 1933, àwọn òbí bàbá rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ó já òwú ní ọmọdé, nínú oko kan náà pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Mẹ́síkò, ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1961, olùkọrin-sílẹ̀ ni Nashville mọ̀ ọ́n sí: òun ló kọ orin tó sọ Patsy Cline di ẹni àpéwò fún gbogbo ayé, Crazy. Àwọn orin rẹ̀ tètè fo odi náà. Joe Hinton, olórin aláwọ̀ dúdú, kọ ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1964, ó sì tà dáadáa. Aretha Franklin kọ Night Life ní ọdún 1967. Ní ọdún 1973 gan-an, Al Green, ní Memphis, fi orin Nelson kan àti orin Hank Williams kan sínú àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Call Me.

A fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ọdún yìí. Ní ọdún tí Nelson wọ Sheffield láti lọ bá sóòlù, sóòlù ti ń kọ orin Nelson ní Memphis. Báwo ni a ṣe wá lè sọ pé àlejò ni ó lọ ṣe?

Ohun tí Nashville kò fẹ́ lára rẹ̀ ni ohùn rẹ̀. Nelson kì í tẹ̀lé ìlù ní ṣíṣẹ̀-ń-tẹ̀lé. A máa fà sẹ́yìn títí ẹni tó ń gbọ́ yóò fi rò pé ó ti sọnù, a sì tún sáré bá ìlù lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn alábòójútó RCA, níbi tó ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1964 sí ọdún 1972, fi gòjé púpọ̀ àti ohùn agberin bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Ilé rẹ̀ nítòsí Nashville jóná, ó padà sí Texas, ó sì fi ìlú Austin ṣe ibùjókòó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn àti àwọn darandaran ti jọ ń wá gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn kan náà.

Níbi àríyá kan ní ilé Harlan Howard ní Nashville ni Wexler ti gbọ́ ọ tó ń kọ àwọn orin tí yóò di Phases and Stages. Ó gbà á sí Atlantic. Àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, Shotgun Willie, New York ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1973. Arif Mardin, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, wà lára àwọn tó bójú tó o, wọ́n sì fi fèrè sóòlù sí orin tó ṣáájú níbẹ̀. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ní tiwa, a rí i pé wọ́n fi sóòlù náà wọ̀ ọ́ bí agbádá ni. Ẹni tó bá bọ́ fèrè kúrò yóò bá kọ́ńtìrì nísàlẹ̀. Ti Sheffield yàtọ̀. Wexler sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ará Nashville kìlọ̀ fún òun pé ibẹ̀ ti súnmọ́ orin aláwọ̀ dúdú jù fún Nelson, òun sì dá wọn lóhùn pé Nelson ni ó súnmọ́ ọn jù fún Nashville.

Àwo náà fúnra rẹ̀

Ìtàn ìkọ̀sílẹ̀ kan ni àwo náà ń sọ. Ní ojú kìn-ín-ní rẹ̀, obìnrin ni ó ń sọ tirẹ̀: ó ń fọ abọ́, ó ń lọ aṣọ, ó mọ̀ pé ọjọ́ kan òun yóò jáde, ó jáde, ó padà sílé ìyá rẹ̀, ó wọ aṣọ tó fún un, ó lọ sí ilé ọtí, ìfẹ́ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà á. Ní ojú kejì, ọkùnrin ni ó ń sọ tirẹ̀, láti inú ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e kúrò ní Los Angeles, tí ọtí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀. Orin kúkúrú kan ń padà wá láàárín àwọn yòókù bí ègbè, láti so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ọkọ ní láti dìde kí ó yí rẹ́kọ́ọ̀dù padà. Ẹjọ́ ìyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tán.

Ètò yìí kì í ṣe eré. Ìpínlẹ̀ California ti ṣe òfin ní ọdún 1969, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1970, pé tọkọtaya lè kọ ara wọn sílẹ̀ láìsí pé ẹnì kan di ẹlẹ́bi, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Nelson fúnra rẹ̀ ti kọ ìyàwó sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú kọ́ńtìrì, ẹjọ́ a máa ní ẹlẹ́bi: obìnrin tó dalẹ̀, tàbí ọkùnrin ọ̀mùtí. Nínú sóòlù ti Gúúsù, pàápàá lẹ́nu àwọn obìnrin bíi Aretha Franklin, ẹni tó ń jìyà a máa bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìdúró de ìdájọ́. Ojú kìn-ín-ní àwo Nelson súnmọ́ ti èkejì yìí ju ti kìn-ín-ní lọ. Obìnrin tó ń fọ abọ́ náà kò ké sí ẹnikẹ́ni, kò sì tọrọ àforíjì.

Ní ti ìlù, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Kò sí fèrè sóòlù nínú àwo náà. Ẹni tó bá ń wá sóòlù nípa fèrè yóò sọ pé kò sí i níbẹ̀. Inú ìsinmi ni kí a ti wá a. Hawkins mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun lu nǹkan kan. Hood a máa fi gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ dúró gbọin síbi kan, kí Nelson lè rìn jìnnà sí i kó sì rí ibi padà sí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti kọ́ láti máa dúró de akọrin: akọrin tó ti inú ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú wá kì í bá ìlù rìn ní ẹsẹ̀-kò-gbọ́dọ̀-yẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ Pickett àti Franklin ni wọ́n fi gba Nelson lálejò. Ohun tí Nashville kà sí àbùkù ohùn rẹ̀ bá ìlù tó yẹ ẹ́ pàdé. Nínú I Still Can't Believe You're Gone, níbi tí ọkùnrin náà ti ń bá ẹni tó ti lọ sọ̀rọ̀, à ń gbọ́ bí gbogbo wọn ti ń mí pọ̀.

Àwọn onílé nìkan kọ́ ni wọ́n lù ú. Johnny Gimble, tó ti bá Bob Wills ta gòjé nínú orin ijó àwọn ará Texas, wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ nínú orin ilé ọtí náà. John Hughey, tó ń ta gìtá stíìlì fún Conway Twitty, wá, bẹ́ẹ̀ náà ni Fred Carter kékeré tó ń ta gìtá. Nelson fúnra rẹ̀ ń ta gìtá olókùn ọ̀rá tó kọ́ títa rẹ̀ nípa gbígbọ́ Django Reinhardt, ọmọ Jípísì tó ta jáàsì ní ilẹ̀ Faransé. Nínú Bloody Mary Morning, ìlù Hawkins ń sáré, gbogbo àwọn olókùn sì ń sáré tẹ̀ lé e, a kò sì mọ ẹni tó jẹ́ onílé àti ẹni tó jẹ́ àlejò mọ́.

Ẹnu ọ̀nà náà

Orin yìí, Bloody Mary Morning, dé ipò kẹtàdínlógún lórí àtòjọ kọ́ńtìrì, àwo náà sì dé ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n lórí ti àwọn àwo. Kò burú, ṣùgbọ́n kò tó láti gba ẹ̀ka náà là: ní ọdún 1974 kan náà, Atlantic ti ọ́fíìsì kọ́ńtìrì rẹ̀ ní Nashville pa. Nelson lọ sí Columbia. Ní ọdún 1975 ó gbé Red Headed Stranger jáde, àwo tí ìlù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, ó sì gba ipò kìn-ín-ní fún ìgbà àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí akọrin. Àwọn kan rí èyí bí ẹ̀rí pé Sheffield jẹ́ ìṣìnà. Àwa rí i bí ẹ̀kọ́ Sheffield tí wọ́n tẹ̀ lé dé òpin, nítorí pé ìsinmi náà ni ó kù nígbà tí wọ́n yọ gbogbo ìyókù kúrò.

Ohun tó ká wa lára ni pé kò sí ẹni tó bi Nelson léèrè àtòjọ tó yẹ kó wà. Ó lọ sí ilé sóòlù, ó lo onílù sóòlù, ilé-iṣẹ́ sóòlù ni ó gbé e jáde, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ kọ́ńtìrì láìjiyàn. Al Green kọ orin Nelson àti ti Hank Williams, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ sóòlù láìjiyàn. Joe Tex, aláwọ̀ dúdú tí Texas bí gẹ́gẹ́ bó ti bí Nelson, ṣe odidi àwo orin kọ́ńtìrì ní ọdún 1968, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Soul Country. Ipò rẹ̀ kò yí padà. A mọ̀ pé wọn yóò fi Charley Pride ta kò wá. Òótọ́ ni pé Pride di ọ̀gá nínú kọ́ńtìrì, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ ní ọdún 1971. Ṣùgbọ́n nígbà tí RCA kọ́kọ́ ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò, wọn kò fi àwòrán rẹ̀ sí i. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí nípa ẹnu ọ̀nà tí à ń wí.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kí ó wo ọdún 2019, nígbà tí Billboard yọ orin Lil Nas X kúrò lórí àtòjọ kọ́ńtìrì. Ní ọdún 2024 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀, ìyẹn Beyoncé, ọmọ Texas. Ohùn Nelson wà nínú àwo rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà.

Ó ku Arthur Alexander, tí wọ́n bí ní ìlú tí wọ́n ti ṣe àwo Nelson. Ohun tí wọ́n yin Nelson fún ní ọdún 1974, ìyẹn ohùn tó ń sọ ìbànújẹ́ bí ẹni ń ròyìn, lórí ìlù tó mọ ìgbà tí à ń dákẹ́, Alexander ti ṣe é níbẹ̀ ní ọdún méjìlá ṣáájú. The Beatles kọ orin rẹ̀ kan, The Rolling Stones kọ òmíràn. Kò sí ẹni tó pè é ní olórin kọ́ńtìrì fún títà. Nígbà tó yá, ó fi orin sílẹ̀, ó sì ń wa bọ́ọ̀sì fún ilé-iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ará ìlú kan ní Cleveland fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1993, wọ́n pè é padà, ó gbé àwo kan jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó kú ní Nashville, ní ẹni ọdún 53.